Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ìdáríjì Ọdún 1966

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn nílé àti lẹ́yìn odi, ó jẹ́ àṣà wa nínú ìwé ọdọọdún yìí láti gbé ìtàn ẹnì kan tí ó ti re ìwàlẹ̀ àṣà kalẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà. Ní ọdún yìí, a yan ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú wa, ṣùgbọ́n tí ìlú wa gbà á sílé, tí òun náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìlú wa ṣe. Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá, tàbí tí ó wọ Bódìjà, tàbí tí ó ń gba Ring Road lọ sí Challenge, kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ẹni náà.

Ìwé púpọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti nípa òṣèlú rẹ̀. A kò fẹ́ tún gbogbo èyíinì rò. Apá kan nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ mú jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú òfin. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ìjọba sì dárí jì í kí ó tó lo ọdún mẹ́ta tán níbẹ̀. Kí ni ìdáríjì ìjọba? Ta ni ó ni agbára rẹ̀? Kí ni ó lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe? Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni a ó fi wá ìdáhùn.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

A bí Olóyè Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1920 ni baba náà kú, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà náà ni ìyà ti di olùkọ́ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń wá owó ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1927 ni ó wọ Wesley College ní ìlú wa níhìn-ín, ibẹ̀ ni Ìbàdàn sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe lẹ́yìn ìgbà náà: ó ṣe tíṣà, ó tẹ táípù, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn, ó ra kòkó, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1937 ni ó gbé Hannah Ìdòwú Dídéolú níyàwó. Òwò rẹ̀ fọ́ nígbà kan, ó sì jẹ gbèsè tí ó fi ń wo ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò jókòó sínú ẹ̀tẹ́. Láti ilé ni ó ti ka ìwé tí ó fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ní ọdún kan náà ni ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di lọ́yà ní oṣù kọkànlá ọdún 1946.

Ìbàdàn ni ó padà sí, Ìbàdàn ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò. Òkè-Àdó ni ilé rẹ̀ wà. Ní ọdún 1949 ni ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ nínú ìlú wa, ìwé náà sì ń jáde títí di òní yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, pé lọ́yà ni ọkùnrin yìí kí ó tó di òṣèlú. Ẹni tí ó ti dúró níwájú adájọ́ láti gba àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ ni òfin padà wá mú.

Ọwọ́ rẹ̀ nínú Ìbàdàn titun

Ní ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group, fara hàn. Ní ọdún 1952 ni ó di olórí ètò ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di Pírẹ́míà ní ọdún 1954. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ àwọn ilé Bódìjà sílẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé igbó àti oko ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Pápá ìṣeré Liberty tí ó wà ní Ring Road, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960, ti di èyí tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè lónìí. Ilé Kòkó tí ó ga ju gbogbo ilé lọ ní Dùgbẹ̀, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ilé náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Olóyè Awólọ́wọ̀ wà.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ nítorí pé a ń yin òkú. Kì í ṣe gbogbo àwọn baba wa ni ó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ Mábọ̀lájé ti Olóògbé Adégòkè Adélabú ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń ṣe, ìjà àárín ẹgbẹ́ méjèèjì náà sì le títí Adélabú fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀ràn dé bá Olóyè Awólọ́wọ̀, àwọn kan nínú ìlú wa sunkún, àwọn kan sì yọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì.

Bí ọ̀ràn ṣe dé

Ní ìparí ọdún 1959, Olóyè Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀ fún Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ó sì lọ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Kò pẹ́ tí àárín àwọn méjèèjì fi dàrú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí tí í ṣe Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbénró sípò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó wà ní Agodi. Àwọn aṣòfin sọ àga lu ara wọn, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú lé wọn jáde. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fara rọ, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ká Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ kò, wọn kò jẹ́ kí ó rìn bí ó ṣe fẹ́.

Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker jẹ́ olórí rẹ̀ tú ìwé ìṣirò àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, wọ́n sì dá Olóyè Awólọ́wọ̀ lẹ́bi lórí bí owó ṣe ti ibẹ̀ jáde fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìwádìí yẹn, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kan òun àti àwọn ènìyàn tí ó lé ní ogún. Ìjọba ní wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ghana láti kọ́ bí a ti ń lo ohun ìjà, pé wọ́n kó ohun ìjà wọ ìlú, àti pé wọ́n fẹ́ fi agbára gba ìjọba. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ kí ẹjọ́ náà tó lọ jìnnà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń kà títí di òní. Ó fẹ́ kí agbẹjọ́rò kan láti Ìlú Ọba, E. F. N. Gratiaen, wá bá òun rojọ́, ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Olóyè Awólọ́wọ̀ pe Mínísítà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní Òfin Ìpìlẹ̀ fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láṣẹ láti yan agbẹjọ́rò tí ó wù ú. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé agbẹjọ́rò tí ó lè wọ ìlú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni òfin ń sọ. Bí ó ṣe pàdánù nìyẹn.

Bí ẹjọ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1963, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Ṣẹ́gun, tí òun náà jẹ́ lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, Adájọ́ Sodeinde Sowemimo ka ìdájọ́ ní Èkó: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Wọ́n dá Lateef Jákàńdè àti àwọn mìíràn lẹ́bi pẹ̀lú rẹ̀. Anthony Enahoro, tí ìjọba Ìlú Ọba dá padà sí Nàìjíríà ní ọdún náà, gba ẹ̀wọ̀n nínú ẹjọ́ tirẹ̀. Olóyè Awólọ́wọ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró. Bí gbogbo ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ ṣe tì nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó kù

Nígbà tí ilé ẹjọ́ bá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ó kù, ọwọ́ olórí ìjọba ni ó sì wà. Kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa dáadáa, nítorí ohun mẹ́rin ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀.

Èkíní ni ìdáláre: adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, ó ní ẹni náà kò jẹ̀bi, ó sì ń lọ sílé láìsí ohun kan lọ́rùn rẹ̀. Èkejì ni ìdínkù ìyà: ẹ̀bi wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n a sọ ikú di ẹ̀wọ̀n, tàbí a sọ ọdún púpọ̀ di díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdáríjì fún ẹni tí a dárúkọ: olórí ìjọba mú ìyà kúrò lórí rẹ̀, ó sì gbà á padà sí àárín àwọn ọmọ ìlú, láìjẹ́ pé adájọ́ kankan tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìdáríjì gbogbogbòò, tí a ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ogun tàbí rògbòdìyàn, nígbà mìíràn kí a tó gbé ẹnikẹ́ni nínú wọn dé ilé ẹjọ́ rárá. Irú èyí ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde fún àwọn ará Biafra nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Irú rẹ̀ náà ni Ààrẹ Umaru Yar'Adua fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé ìbọn ní agbègbè Niger Delta ní ọdún 2009.

Agbára yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láyé àtijọ́, ọba ni ó ni ikú àti ìyè, ọ̀dọ̀ ọba sì ni ẹni tí ìdájọ́ ti dá lẹ́bi ń sá lọ láti bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ ni ó sì gbà wọ inú ìwé òfin tiwa. Ní oṣù kejì ọdún 1951, Gómìnà tí ó ń ṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún Kwame Nkrumah, kí ó lè wá ṣe olórí ìjọba lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìbò. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, Ààrẹ Gerald Ford dárí ji Richard Nixon kí ilé ẹjọ́ kankan tó dá a lẹ́bi, inú sì bí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà. Láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí ni a ti rí i pé olórí ìjọba sábà máa ń wo àlàáfíà ìlú àti àǹfààní ìjọba kí ó tó dárí jini. Adájọ́ ń wo ẹ̀rí; olórí ìjọba ń wo ìlú.

Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1963, ọwọ́ Ààrẹ ni ìdáríjì wà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Mínísítà ni Ààrẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìjọba tí ó gbé Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ náà ni ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi mú un dání, wọn kò sì lò ó. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́.

Ìdáríjì náà

Calabar ni wọ́n gbé e lọ, ibi tí ó jìnnà sí ilé rẹ̀ àti sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gba ìṣàkóso ilé, tí ó sì ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rìn káàkiri. Òun fúnra rẹ̀ sọ ẹ̀wọ̀n di yàrá ìwé. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ìwé tí ó gbé èrò rẹ̀ lórí Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà kalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1966. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ìlú gbóná lẹ́yìn rẹ̀. Ìbò ọdún 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn di iná, wọ́n ń wẹ́ ènìyàn àti ilé ní epo bẹntiróò. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Balewa kú, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìyágankú nínú ìlú wa. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi di olórí. Oṣù mẹ́fà kọjá, ilẹ̀kùn Calabar kò ṣí.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun mìíràn yí ilé Gómìnà ní Ìbàdàn ká. Wọ́n mú Ironsi tí ó jẹ́ àlejò, wọ́n sì mú Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí ó gbà á lálejò, wọ́n pa àwọn méjèèjì ní ọ̀nà Làlúpọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Gowon di olórí ìjọba. Ọ̀kan nínú àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni pé ó dárí ji Olóyè Awólọ́wọ̀, ó dá Enahoro àti Jákàńdè sílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lọ pàdé Olóyè Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ẹ̀rí tí ó wà níwájú Adájọ́ Sowemimo kò yí padà. Kò sí ẹlẹ́rìí tuntun, kò sí adájọ́ tuntun. Olórí ìjọba ni ó yí padà, ìlú sì ń fẹ́ fọ́; Gowon nílò ẹni tí ilẹ̀ Yorùbá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Òfin gbà á láàyè láti ṣe ohun tí ó ṣe, ó sì ṣe ìlú láǹfààní. Ṣùgbọ́n ìdáríjì náà kò dáhùn ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ kí a dáhùn, ìyẹn bóyá ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe tàbí kò ṣe é. Ìdájọ́ náà wà nínú ìwé òfin títí di òní. Ìdáríjì kò dá ọdún tí ó lọ padà, kò sì jí Ṣẹ́gun dìde.

Ohun tí ó fi òmìnira rẹ̀ ṣe

Nínú oṣù kẹjọ kan náà, àwọn àgbààgbà Yorùbá péjọ ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi í ṣe aṣáájú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó lọ sí Enugu láti bá Ọ̀gágun Ojukwu sọ̀rọ̀ kí ogun má baà ṣẹlẹ̀. Ogun ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó di Kọmíṣánnà ètò ìṣúná fún gbogbo Nàìjíríà, Enahoro sì di Kọmíṣánnà ètò ìròyìn. Àwọn tí ilé ẹjọ́ ní wọ́n fẹ́ dojú ìjọba àpapọ̀ bolẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó àti ẹnu rẹ̀ lé lọ́wọ́ láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ tí ó ṣe ní àsìkò ogun kò ṣàìní àríwísí. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ará Ìlà-Oòrùn ń dá a lẹ́bi lórí ebi àti lórí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn ogun. Ẹni tí a dárí jì kò di ẹni tí kò lè ṣẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1969. Àwọn àgbẹ̀ wa tí owó-orí ti wọ̀ lọ́rùn dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wọ́n sì fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Olóyè Awólọ́wọ̀ ni ó lọ bá Tàfá Adéoyè ní Àkànràn tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, owó-orí náà sì bọ́ sí pọ́ùn méjì, ìlú sì rọ̀. Ẹni tí ó ti jẹ ẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ bí a ti ń bá ẹni tí ó gbé ìbọn sọ̀rọ̀.

Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ Kọmíṣánnà sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ó du ipò Ààrẹ ní ọdún 1979 àti 1983, kò sì wọlé. Ní ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari tí ó fìdí rẹ̀ rẹmi fún un ní oyè GCFR, èyí tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún kan náà ni Shagari dárí ji Ojukwu, tí ó sì padà wálé. Gowon tìkára rẹ̀, tí ìjọba tí ó gba ipò rẹ̀ kà mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ọdún 1976 láìsí pé ilé ẹjọ́ kankan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, gba ìdáríjì ní àsìkò Shagari kan náà. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà.

Olóyè Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní ọdún náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀. Láti ọdún 1999 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó ọgọ́rùn-ún náírà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa

Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ẹsẹ 175 fi ìdáríjì sí ọwọ́ Ààrẹ fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lòdì sí òfin àpapọ̀, ẹsẹ 212 sì fi í sí ọwọ́ Gómìnà fún àwọn tí ó lòdì sí òfin ìpínlẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀. Bí agbára náà ti tó hàn ní ọdún 1999, nígbà tí Olóyè Olú Fálaè pe Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lẹ́jọ́, pé ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ní ọdún 1995 kò yẹ ní Ààrẹ. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìdáríjì tí Ọbásanjọ́ gbà ní ọdún 1998 ti sọ ọ́ di ẹni tuntun lójú òfin, nítorí náà kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

Ẹni ńlá ni gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí. Olórí ìjọba lọ pàdé Awólọ́wọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ta ni ó ń lọ pàdé tálákà? Láti Bódìjà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi kò jìnnà, àwọn ọmọ ènìyàn sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé kankan nítorí wọn. Nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Ìdáríjì kọ́ ni ó tọ́ sí irú wọn, ìgbẹ́jọ́ ni. Ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi kò yẹ ní ẹni tí ń dúró de àánú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí ó sì dá a. Àwọn tí ìdájọ́ ti dé bá, tí wọ́n ti dàgbà, tàbí tí àìsàn ń ṣe, tàbí tí ìwà wọn ti yí padà, àwọn wọ̀nyí ni ẹsẹ 212 wà fún, bí ẹnì kan bá lè bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà.

Nítorí náà, a ń rọ ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ilé àti ní ìdálẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún sílẹ̀ fún àwọn ará wa tí ó wà ní Agodi: kí ẹ wo ìwé ẹjọ́ wọn, kí ẹ ya àwọn tí ó yẹ kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó yẹ kí a bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, owó ìwé àti owó ọkọ̀ ni ẹ lè fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkùnrin tí a kọ ìtàn rẹ̀ yìí mọ òfin, ó ní orúkọ, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní ìyàwó tí kò sùn. Síbẹ̀ ó tó ọdún mẹ́ta kí kọ́kọ́rọ́ náà tó yí. Ẹni tí kò ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa ni ó ní.

Ìbàdàn yóò máa gbèrú o.